Bí Owó Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Kíndìnrín

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní ìlú Boston, dókítà Joseph Murray àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi í sára Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì tó jọra pátápátá ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí ara Richard kò fi kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó dá iye lé e. Ọmọ ìyá ló fún ọmọ ìyá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ló sábà máa ń yọ̀ǹda kíndìnrín nígbà ayé wọn, torí ara kì í fẹ́ gba ti àjòjì. Oògùn ló yí i padà. Lọ́dún 1983, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí cyclosporine tó ń ká ara lọ́wọ́ kò, kíndìnrín ẹni tí kò bá aláìsàn tan sì túbọ̀ wúlò. Ní ọdún yẹn kan náà ni dókítà Barry Jacobs ní Virginia gbèrò iléeṣẹ́ tí yóò máa ra kíndìnrín lọ́wọ́ àwọn tálákà fún àwọn tó lówó. Ẹ̀rù ba àwọn aṣòfin. Òfin wọn ti 1984 sọ títà rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, ìtanràn tó lè tó 50,000 dọ́là, tàbí méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1989.

Iran gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1988 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún ẹni tó bá yọ̀ǹda ní owó, tí aláìsàn náà sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là níbẹ̀, mi ò lè fojú kéré ìyẹn. Síbẹ̀, àwọn aláìní ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti Chennai ní India. Òfin ti ka ọjà náà léèwọ̀ lọ́dún 1994, síbẹ̀ ní 2001 àwọn olùwádìí rí ẹni 305 tó ti ta kíndìnrín wọn. Gbèsè ló tì wọ́n débẹ̀, ẹni 96 nínú 100. Ìpíndọ́gba ohun tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ jẹ́ 1,070 dọ́là. Lẹ́yìn rẹ̀, owó tó ń wọlé sílé wọn fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ń jẹ gbèsè, ara wọn kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ta ara, gbèsè kò kúrò! Ta ló wá jèrè?

Lọ́dún 2008, Ìkéde Istanbul, tí àwọn onímọ̀ nípa ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara ṣe, tako òwò yìí, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí a dá owó tí olùyọ̀ǹda ná padà fún un. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Kí ènìyàn má pàdánù owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀ nítorí oore, ẹ̀tọ́ ni. Kí a fi owó fa ẹni tí ebi ń pa, ìrẹ́jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Nàìjíríà náà. Ní 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey ní London rán sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu lọ sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8, nítorí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tajà lójú pópó Èkó, tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ láti fi kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ sẹ́nétọ̀ náà. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló kọ̀. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 pàápàá ka títà léèwọ̀, ó sì fàyè gba dídá owó tí olùyọ̀ǹda ná padà. Kí ìjọba gba ojúṣe yẹn, kí ó sì fi àyẹ̀wò ọdọọdún lọ́fẹ̀ẹ́ kún un, títí ọjọ́ ayé ẹni tó yọ̀ǹda.