Bí Bakitéríà Ṣe Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Lé DNA Àjèjì: Ohun Tó Kan Olùgbé Fọlá Àgòrò

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí, Vibrio cholerae, ni ó fa àrùn náà. Ní àdúgbò bíi Fọlá Àgòrò ní agbègbè Ṣómólú àti Bárígà, níbi tí ilé ti fara kan ilé, ìdọ̀tí tó bá wọ omi ẹnì kan lè di ìṣòro gbogbo òpópónà. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí àwọn olùgbé lè mọ irú ẹ̀dá tí bakitéríà jẹ́ àti ọ̀nà tí a lè gbà dènà ewu rẹ̀.

Ta ni bakitéríà?

Bakitéríà jẹ́ ẹ̀dá alààyè tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Bakitéríà ni ó ń mú kí ògì kan, òun náà ni ó sì ń sọ igbá sísè di irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ̀dá náà jẹ́ àti ohun tí ó lè ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Bakitéríà kò ní ẹnu, kò sì ní etí. Èròjà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa tú èròjà kékeré kan sí àyíká rẹ̀. Bí wọn kò bá pọ̀, èròjà náà yóò fọ́n ká. Bí wọ́n bá pọ̀, yóò kún àyíká, gbogbo wọn yóò sì mọ̀ pé àwọn ti tó láti dáwọ́ lé iṣẹ́ kan pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ọdún 1970, Kenneth Nealson àti J. Woodland Hastings ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bakitéríà inú òkun kan kì í tan ìmọ́lẹ̀ àfi ìgbà tí iye rẹ̀ bá pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn ni a ti rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ti onígbáméjì yàtọ̀. Nígbà tí wọn kò tíì pọ̀, wọn a lẹ̀ mọ́ ìfun, wọn a sì máa tú májèlé tó ń fa omi jáde nínú ara. Nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ àárín wọn a yí padà: wọn a dáwọ́ májèlé dúró, wọn a já ara wọn gbà kúrò lára ìfun, wọn a sì bá ìgbẹ́ gbuuru jáde láti wá ẹlòmíràn lọ. Omi tí ìgbẹ́ bá kàn ni ọ̀nà wọn.

Bí wọ́n ṣe ń lé DNA àjèjì

Bakitéríà pẹ̀lú ní ọ̀tá. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ti DNA tirẹ̀ bọ inú wọn láti pa wọ́n. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà dáàbò bo ara wọn.

Èkíní ni èròjà tó ń gé DNA bí àlùmọ́gàjí. Kí ó má baà gé ti ara rẹ̀, bakitéríà a máa fi àmì sí DNA tirẹ̀, bí ìdílé ṣe ń kọ ilà fún ọmọ wọn. Èyí tí kò bá ní ilà ni a ó gé. Werner Arber, Daniel Nathans àti Hamilton Smith gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1978.

Èkejì ni CRISPR. Bakitéríà tó bá la ìkọlù fáírọ́ọ̀sì já lè gé díẹ̀ nínú DNA ọ̀tá náà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú tirẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Ṣùgbọ́n bakitéríà kì í ṣi ekòló mú fún ejò. Ó ń fi èyí tó tọ́jú wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, bí wọ́n bá sì bára mu, yóò gé e. Ní ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ fi èyí hàn nínú bakitéríà tí a fi ń ṣe yógọ́ọ̀tì.

Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna sọ ọgbọ́n yìí di irinṣẹ́ ní ọdún 2012, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Bìrìtìkó fọwọ́ sí ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí a fi irinṣẹ́ náà ṣe, fún àìsàn arunmọléegun tí a tún ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà fínra.

Níbi tí ewu wà

Ààbò yìí kò dí gbogbo ọ̀nà. Òrùka DNA kékeré lè ti ara bakitéríà kan bọ́ sí òmíràn, ó sì lè gbé agbára láti borí òògùn apakòkòrò dání. Nígbà tí a bá lo òògùn bẹ́ẹ̀ láìyẹ, àwọn aláìlágbára yóò kú, àwọn tó lè borí rẹ̀ yóò kù, wọn yóò sì máa bí sí i. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 ní àgbáyé ní ọdún 2019.

Ohun tí a rọ àwọn olùgbé láti ṣe

• Ẹ se omi kànga tàbí omi tí ẹ kò bá dá lójú kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún.
• Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.
• Ẹ má ra òògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín. Ẹ má sì lo èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ aládùúgbò.
• Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, omi ara ni ẹ kọ́kọ́ dá padà: ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹnu wọn tẹ́jú, nínú omi mímọ́ lítà kan. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín.
• Bí aláìsàn kò bá lè dìde mọ́, ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀.

Bakitéríà ń fi iye wọn lágbára. Bí gbogbo ilé ní àdúgbò bá pa omi wọn mọ́, iye náà kò ní lè pé.