Eré Òru àti Ẹ̀kọ́ Ìfarapamọ́

Eré òru ni eré ìta gbangba tí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ máa ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú: ẹnì kan ń ṣọ́nà, àwọn yòókù ń wá bí wọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí wọn tàbí pé ó gbúròó wọn. Ẹbí kan náà ni òun àti bojúbojú abẹ́ òṣùpá. Ẹgbẹ́ Síkáòtù ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó ní ìlànà.

Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea, ọmọ olówó pẹ̀lú ọmọ òṣìṣẹ́. Lálaalẹ́, ìsọ̀rí kan nínú wọn á gba ìyẹ̀fun, ọ̀dùnkún, ẹran àti tíì, wọ́n á lọ dáná síbòmíràn, wọ́n á sì yan ẹ̀ṣọ́. Baden-Powell fúnra rẹ̀ àti àwọn olórí ìsọ̀rí yòókù á wá máa yọ́ kẹ́lẹ́ wá ṣọ́ wọn títí di aago 11. Ọ̀gágun tó di ìlú Mafeking mú lójú ogun ń bá ọmọdé ṣe eré òru! Ọdún 1908 ni ìwé rẹ̀, Scouting for Boys, jáde. Nígbà tó di 1915, Síkáòtù ti dé Nàìjíríà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Baden-Powell ti kọ́ gbogbo ọgbọ́n yìí. Lọ́dún 1896, lójú ogun láàárín òkè olókùúta Matobo ní Sìǹbábúwè òde òní, ó bá Frederick Russell Burnham ará Amẹ́ríkà rìn, ó sì bá Jan Grootboom, ọmọ Áfíríkà tó mọ iṣẹ́ amí dunjú, ṣọ́ àwọn ọ̀tá lóru. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bàtà onírọ́bà sàn ju bàtà onírin lọ lórí àpáta. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún òru kò le: lúgọ sí kòtò, nítorí ẹni tó bá dúró lórí òkè á hàn gedegbe lójú sánmà.

Ojú ènìyàn gan-an ló jẹ́ kí eré yìí ṣeé ṣe. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa fírífírí kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran lókùnkùn kò sí ní àárín gbùngbùn ojú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó tẹjú mọ́ nǹkan lóru fi máa ń pàdánù rẹ̀, tí ẹni tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń rí i.

Nínú eré tọ́ọ̀ṣì, olùṣọ́ á jókòó láàárín pápá ti agolo kan tí àwọn yòókù fẹ́ dé, tọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtàn. Bó bá gbọ́ kíkùn, á tan iná síbẹ̀. Ẹni tí iná bá bà ti jáde nìyẹn. Ọmọ tó gbọ́n kì í sáré. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀, á fi wá igi gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀ kó tó gbé ara lé e. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ewé tàbí tí ọkọ̀ bá ń pariwo lọ́nà jíjìn, ìgbà náà ló ń sún mọ́ iwájú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aṣọ dúdú ni gbogbo ọgbọ́n náà. Rárá o. Dúdú kirikiri máa ń hàn lórí iyanrìn àti koríko gbígbẹ, àwọ̀ eérú sì sábà máa ń sàn jù ú lọ. Ojú àti ọwọ́ ló ń tú ènìyàn fó jù, àní fún aláwọ̀ dúdú, nítorí òógùn máa ń dán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi èédú tàbí ẹrẹ̀ ra á. Síbẹ̀, ẹni tó bá lè dúró láìmira yóò pẹ́ kí wọ́n tó rí i ju aláṣọ àrà tó ń yíra lọ. Ẹ wo ọká láàárín ewé gbígbẹ.

Ọká yìí kan náà ni ìdí tí ẹni tó bá fẹ́ ṣètò eré òru fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já lọ́sàn-án, kó bo ojú kànga, kó kó ìgò fífọ́ kúrò, kó sì pààlà tí ẹnikẹ́ni kò ní kọjá. Kí ó fún àwọn ọmọ ní fèrè. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò ṣáájú, kí wọ́n má baà fi ọmọ tó ń yọ́ rìn pe olè.