Ìwọ̀

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ (dò dò).

Ìtumọ̀

1. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ kọrọdọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣó, tí a fi ń mú ẹja. *Ìwọ̀ kọ́ ẹja náà ní ètè.*

2. Irin náà pẹ̀lú okùn àti ìjẹ rẹ̀ lápapọ̀; ọ̀nà ìpẹja tí ó yàtọ̀ sí ti àwọ̀n àti ti ìgèrè. *Ìwọ̀ ni bàbá wọn fi ń pẹja, kì í ṣe àwọ̀n.*

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn: *ju ìwọ̀ sínú omi, fi ìjẹ sí ìwọ̀, gbé ìwọ̀ mì* (ẹja ni ó ń ṣe èyí), *yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja*.

Má ṣe ṣì í mú fún: *ìwọ* (ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀), *ìwo* (ti orí ẹran), *ìwọ́* (ìdodo). Bí a kò bá fi àmì sí *okùn ìwọ̀*, òǹkàwé lè rò pé okùn ìdodo ọmọ ni. *Ìkọ́* ni a fi ń gbé nǹkan kọ́. A kì í fi pe ti ẹja.

Àlàyé lórí ìlò

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìtọ́ni nípa pípa ẹja sámọ́nì láti etí odò, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Odò Columbia láàárín ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon ní Amẹ́ríkà, yóò bá okùn mẹ́ta pàdé nínú ohun èlò kan ṣoṣo. Òrùka irin ẹlẹ́nu mẹ́ta ni ó so wọ́n pọ̀. A dábàá pé kí a pè wọ́n báyìí:

*okùn àgbà*: èyí tí ó ti ara ọ̀pá ìpẹja wá;
*okùn ìwọ̀*: èyí tí ìwọ̀ wà ní ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5;
*okùn òjé*: èyí tí òjé so mọ́, ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 2.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Òjé ni ó sábà máa ń há sábẹ́ òkúta, nítorí náà okùn rẹ̀ ni agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré jù lọ. Bí okùn àgbà bá lè gba kílò 14, tí okùn ìwọ̀ sì lè gba 11, kí ti òjé má ju 5 lọ. Bí ó bá há, òjé nìkan ni yóò ṣòfò. Bí atúmọ̀ èdè bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “okùn”, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè so èyí tí ó le jù mọ́ òjé, kí ó sì pàdánù ohun gbogbo ní jíjù kan.

*Ìjẹ* (tàbí *ìdẹ*; kì í ṣe *idẹ*, irin pupa) tún gba ìṣọ́ra. Sámọ́nì tí ó ti inú òkun wọ odò láti lọ yé ẹyin kì í jẹun mọ́. Ìbínú tàbí ìwà àtijọ́ ni ó ń mú un bu nǹkan jẹ. Nítorí náà, *ìjẹ ẹ̀tàn* ni ohun aláwọ̀ mèremère oníyẹ̀ẹ́ tí ń léfòó, tí ìṣàn omi ń yí bírí níwájú ìwọ̀. Má ṣe pè é ní “oúnjẹ ẹja”.

*Etí odò* tàbí *bèbè odò* ni kí a lò, kì í ṣe *etíkun*. Sámọ́nì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ bèbè kọjá láti yẹra fún ìṣàn líle. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ fi lè rí i pa. Páìpù tí a rì mọ́ iyanrìn yóò gbé ọ̀pá náà ró, agogo kékeré ní ṣóńṣó rẹ̀ yóò sì kéde ẹja.

*Ẹ̀gún ìwọ̀* ni ẹnu kékeré tí ó kọjú sẹ́yìn. Níbi tí òfin odò bá ti béèrè ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún, kí atúmọ̀ èdè má ṣe fo gbólóhùn náà.

Tún wo: *àwọ̀n, ìgèrè, ìjẹ, ìkọ́, òjé*.