Aurion: Legacy of the Kori-Odan

Aurion: Legacy of the Kori-Odan jẹ́ eré fídíò RPG tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbá. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní ìlú Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ló ṣe é, ó sì jáde fún kọ̀ǹpútà Windows ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Nínú eré RPG, ẹni tó ń gbá a máa ń gbé ipa ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, agbára ẹ̀dá náà a sì máa pọ̀ sí i bí eré ṣe ń lọ.

Ìtàn

Enzo Kori-Odan jẹ́ ọmọ ọba ní Zama, ilẹ̀ àròsọ kan. Ní ọjọ́ tó yẹ kó gorí ìtẹ́, àna rẹ̀, Ngarba Evou, dìtẹ̀ gba ìjọba. Enzo àti aya rẹ̀, Erine, wá di èrò ọ̀nà, wọ́n ń wá ìrànlọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ padà. Aurion ni agbára tí Enzo fi ń jà; ogún àwọn baba ńlá rẹ̀ ni.

Ìṣẹ̀dá

Madiba Olivier ló dá Kiro'o Games sílẹ̀ ní ọdún 2013. Ní ọdún 2015, àwọn olùrànlọ́wọ́ lórí Kickstarter dá owó tó lé ní 40,000 Yúrò jọ fún iṣẹ́ náà.

Ìyàtọ̀ sí eré RPG aláìlópin

Nínú Skyrim, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní ọdún 2011, ènìyàn lè pa olórí ìtàn tì, kó máa rìn káàkiri níbi tó bá wù ú. Ní ti Aurion, ìtàn ló ń darí ìrìn. Òmìnira rẹ̀ kò tó ti Skyrim, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè, àna àti baba ńlá tó dá lé lórí kò ṣàjèjì sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.