Atúnlùúṣe: Ta Ni Ó Ń Pinnu Ohun Tí Ìlú Yóò Kọ́?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láti Broadview lọ sí Castle Frank ní ìlú Toronto yìí, ẹ óò ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà jáde sí gbangba fún ìgbà díẹ̀, tí àfonífojì odò Don sì hàn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà nígbà tí a bá ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí a má mọ̀ pé inú afárá tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1918 ni ọkọ̀ wa ń gbà, àti pé ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1966 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò kọjá níbẹ̀. Àyè tí ó ń gbà ti wà ní sẹpẹ́ fún ọdún 47 àti oṣù díẹ̀, ó ń retí rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí àwọn ìlú ṣe ń da omi síwájú, ẹni tí ó ń gbé ìkòkò omi náà, àti ibi tí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń dà á.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ilé ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpò owó méjì ni ó wà. Àpò kìíní ni a fi ń ra oúnjẹ, tí a fi ń san owó iná àti owó ọkọ̀. Àpò kejì ni a fi ń ra ilẹ̀, tí a fi ń kọ́lé, tí a fi ń tún òrùlé ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlú. Owó oṣù àwọn panápaná àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wà nínú àpò kìíní. Ilé panápaná fúnra rẹ̀, afárá, páìpù omi àti gbọ̀ngàn àdúgbò wà nínú àpò kejì. Òfin Ontario kò gbà kí ìlú máa fi gbèsè ṣe ìnáwó ọdọọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí ó yáwó fún iṣẹ́ ńlá tí yóò pẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọmọ tí a kò tíì bí yóò gba orí afárá náà kọjá, nítorí náà kò burú bí òun pàápàá bá dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń fẹ́, tí owó kò sì lè tó fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ní láti pinnu èyí tí yóò ṣáájú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí afárá wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, òpópónà Bloor dópin ní etí àfonífojì. Òpópónà Danforth wà ní òdì kejì, bí ẹni pé ìlú mìíràn ni. Láti 1910 ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ afárá náà síwájú àwọn olùdìbò, nítorí pé ìlú kò lè jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì tún kọ̀ ọ́. Ọdún 1913 ni wọ́n tó gbà. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka iṣẹ́ ìlú nígbà náà ni Roland Caldwell Harris, tí ó wà lórí oyè náà láti 1912 títí ó fi kú ní 1945. Òun àti ayàwòrán-ilé Edmund Burke tẹnumọ́ ọn pé kí afárá náà ní àjà kejì nísàlẹ̀, fún ọkọ̀ ojú irin tí kò tíì sí. Owó kún owó nítorí rẹ̀, àwọn kan sì kùn. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ní 1966, kò sí ìdí láti kọ́ afárá mìíràn sórí odò Don. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n ènìyàn kì í pé: apá àjà ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe sílẹ̀ lórí àfonífojì Rosedale kò wúlò, nítorí pé ọ̀nà ọkọ̀ náà yà gba ibòmíràn. Síbẹ̀, èrè tí ó wà nínú èyí tí ó wúlò pọ̀ ju àdánù èkejì lọ.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí. Wọ́n bi àwọn olùdìbò léèrè. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì tún bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ náà di ti wọn.

Ní àkókò kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní 1908, ìjọba Gómìnà Walter Egerton ti pinnu láti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wá sí ìlú, kí àwọn ará Èkó sì máa san owó omi. Kò sí ẹni tí ó bi ará ìlú léèrè, kò sì sí ìbò tí wọ́n lè fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ènìyàn wí pé àwọn ní kànga, pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò ṣe láǹfààní jù, àti pé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nínú ìjọba kò yẹ kí ó máa san irú owó bẹ́ẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísádípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta ko owó náà. Iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1916 tí ìjọba fẹ́ gba owó náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá kún aáwọ̀ tí ó wà láàárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí Elékò.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Omi mímọ́ kì í ṣe ohun búburú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti gba ẹ̀mí wọn là. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ni í ń nini lára. Ohun rere ni ìjọba gbé wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e wá ni ó sọ ọ́ di ìjà.

Bí àwọn ènìyàn wa bá sì ní àǹfààní láti pinnu fúnra wọn, wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ ṣáà wo Iléṣà, ìlú àwọn òṣómàáló. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe, ẹgbẹ́ yìí ni ó sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: atúnlùúṣe, ẹni tí ń tún ìlú ṣe. Wọn kò dúró kí ẹnì kan wá láti òkè òkun wá yan ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún ọmọ yín pé àṣà òyìnbó ni kí ará ìlú máa jókòó lé ètò ìṣúná ìlú lórí, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Toronto. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, èrò ń ya wọ inú àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Toronto ká. North York kò kan adágún Ontario, kànga ni ó sì gbójú lé. Kò ní owó tí yóò fi fa páìpù omi mímọ́ àti ti omi ìdọ̀tí kiri. Toronto ní owó, àwọn ìlú wọ̀nyí sì ní ilẹ̀. Nítorí náà, ní 1953, ìjọba Ontario ṣe òfin tí ó da ìlú 13 pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí a ń pè ní Metro, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1954. Frederick Gardiner ni alága àkọ́kọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan kò lè dá yáwó ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ lè yá a. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Metro wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1998, nígbà tí gbogbo rẹ̀ di ìlú kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n páìpù nìkan kò tó láti sọ ibùgbé di ìlú. Ní àdúgbò Jane àti Finch, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé rí, iye ènìyàn gòkè láti bí 1,300 ní 1961 dé bí 33,000 ní 1971. Àwọn ilé alájà gíga dé kíákíá. Gbọ̀ngàn àdúgbò, ibi ìṣeré àti àwọn ohun amáyédẹrùn mìíràn kò tètè tẹ̀lé wọn. Lórí afárá Bloor, àyè ti wà kí èrò tó dé. Níhìn-ín, èrò ti dé kí àyè tó wà. Nínú iṣẹ́ mi pẹ̀lú àwọn ìdílé, mo ń rí ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń fà. Bí ọmọ kò bá ní ibi tí yóò lọ lẹ́yìn ilé ìwé, òpópónà ni yóò gbà á.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn òbí kan tẹ̀lé ara wa lọ sí ọ́fíìsì kan láti béèrè fún gbọ̀ngàn kan fún àwọn ọmọ. Ìyá kan nínú wọn ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nítorí ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tí ó gbà wá jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ó wí pé ọ̀rọ̀ wa dára, ṣùgbọ́n pé ètò tí ó kan àdúgbò wa ti parí, wọ́n sì ti gbọ́ ẹnu àwọn tí ó wá. Ìyá náà bi mí nígbà tí a jáde pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà wo ni wọ́n pè wá?" N kò lè dá a lóhùn, nítorí pé mo mọ̀ pé wọ́n pe gbogbo ìlú. Ìkéde náà ti jáde. Kò sí ẹni tí ó kà á sí wa létí, àwa tí a mọ ìwé kà kò sì kà á fún àwọn ará wa. Mo gba ẹ̀bi tèmi nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwé yìí sí yín. Ètò iṣẹ́ ńlá Toronto máa ń wo ọdún 10 níwájú, a sì ń tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìṣúná bá jókòó, ará ìlú lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú wa kọ̀ọ̀kan, ìjọ wa kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ti Kristẹni tàbí ti Mùsùlùmí, lè yan ẹni méjì tí yóò máa ka ìkéde wọ̀nyí, tí yóò sì máa jíṣẹ́ fún wa ní ìpàdé. A ń dá owó fún òkú àti fún ìgbéyàwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọjọ́ kan lọ́dún fún ìlú tí àwọn ọmọ wa yóò jogún.

Bí ẹ bá tún gba orí odò Don kọjá, ẹ fi àjà ìsàlẹ̀ afárá náà han àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn kan tí kò mọ̀ wá rí ni wọ́n ṣe ọ̀nà yìí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa pé kí ni àwa náà ń ṣe sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbó, kí a tọ́, kí a sì rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àṣẹ.