Ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi wálé

Ní Òṣòdì níbí, tá a bá ní ọkọ̀ kan jẹ́ tòkunbọ̀, mọ́tò lọkàn wa máa ń lọ sí. Ẹ jẹ́ n sọ ti tòkunbọ̀ kan tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi 🧵

Tí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ẹrú, Freetown ni wọ́n sábà máa ń wọ́ ọ lọ. Kóòtù á gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á lu ọ̀pọ̀ ní gbàǹjo.

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń rà nínú wọn o: àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú fúnra wọn! Wọ́n ti ṣòwò, wọ́n ti dáwó jọ.

Rírà kọ́ ni wàhálà. Ọkọ̀ onígi tó bá dúró pẹ́ lómi ilẹ̀ olóoru, kòkòrò omi á máa lu igi ẹ̀. Okùn àtijọ́ ni wọ́n máa ń tú, tí wọ́n á gbá a sáàárín pákó, tí wọ́n á fi ọ̀dà dí i. Ìgbòkun ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Àgbá omi ọkọ̀ ẹrú máa ń pọ̀, ìyẹn ṣì wúlò. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀? Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa fi ṣe.

Ní 1839, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sọ ní Queen Victoria, kó wọn láti Freetown wá sí Àgbádárìgì. Nígbà tí Thomas Birch Freeman fi dé ní 1842, Sàró ti wà ní Àgbádárìgì, wọ́n ti wà l'Ábẹ́òkúta, àwọn kan ti rí ẹbí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ́ Tòkunbọ̀, ẹ kú ilé o.