Láti Orí Àrokò Dé Orí Alẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀ Ta Ni Ká Gbà Gbọ́?

Ẹni tó bá ń ra nǹkan ní Ìyànà Ìbà yóò mọ gbólóhùn yìí: "Mi ò tíì rí alẹ́ẹ̀tì o." Akẹ́kọ̀ọ́ á na fóònù rẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ti lọ." Mọ́mì ò ní wò ó. Fóònù tiwọn ni wọ́n ń wò. Inú máa ń bí wa tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pè wá ní olè. Ìtàn ló jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n jàre.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ońṣẹ́ lè yí ọ̀rọ̀ padà lọ́nà. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń pa àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń sọ pé a jọra. Ońṣẹ́ lè gbé e láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ońṣẹ́ tó bá gbọ́ àrokò lè yọ ẹyọ kan kúrò. Níbo la ó ti mọ̀?

Ìṣòro yìí kan náà ló dé bá àwọn kọ̀ǹpútà tó jìnnà síra. Ní 1982, Leslie Lamport, Robert Shostak àti Marshall Pease fi àwọn ọ̀gágun tó dó ti ìlú kan ṣe àkàwé rẹ̀. Bí ọ̀dàlẹ̀ kan bá wà nínú ọ̀gágun mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè mú àwọn méjì tó kù fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ní ìbuwọ́lùwé tí ẹnikẹ́ni kò lè yí dà, mẹ́ta náà tó. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ti ṣàlàyé irú ìbuwọ́lùwé bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní 1976: bí ońṣẹ́ bá yí lẹ́tà kan péré, àṣírí á tú.

Nílẹ̀ wa, NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ló wà láàárín àwọn báńkì. Láti 2011 ló ti ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àwòrán orí fóònù wa kò sí nínú ètò yẹn rárá. Ẹnu ońṣẹ́ lásán ni. Kódà, àwọn gbájúẹ̀ ń fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù ọlọ́jà. Iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an ni ẹ̀rí, nítorí ayédèrú kan ṣoṣo lè kó odindi owó òwò ọjọ́ kan lọ.

Nítorí náà, bí Mọ́mì bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kì í ṣe olè ni wọ́n pè yín. Ońṣẹ́ ni yín.